Kí Tíṣà Tó Wọlé ní Oṣù Kẹsàn-án: Ohun Tí A Gbà Gbọ́ àti Iṣẹ́ Tó Tẹ̀ Lé E

Ìsinmi gígùn ni ọ̀pọ̀ tíṣà ní Àkúrẹ́ fi ń ra ìwé lẹ́sìn-nóòtì, báírò pupa àti ṣọ́ọ̀kì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń darí kíláàsì ju lẹ́sìn-nóòtì lọ ni ohun tí tíṣà gbà gbọ́ nípa ọmọ: ta ló lè mọ̀wé, kí ló ń fa àṣìṣe, èdè wo ni ọgbọ́n ń gbà wọlé. A kò kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹnu àgbà la ti gbọ́ ọ, ọwọ́ tíṣà tó kọ́ wa la ti rí i. "Ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú." Tíṣà tó bá di èyí mú ṣinṣin á ti pín kíláàsì sí méjì kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí: àwọn tó ń nawọ́ sókè, àti àwọn ìyókù. Tíṣà mìíràn di "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀" mú ní tirẹ̀. Òun a máa dúró gbọ́ ìdáhùn ọmọ tí kò yára. Ilẹ̀ Yorùbá kan náà ló bí òwe méjèèjì, àmọ́ kíláàsì tí àwọn náà ń bí kò jọra rárá.

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ń bá sọ̀rọ̀ níbí, pàápàá kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún ní ilé-ìwé ìjọba. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní ọmọ 35 ló yẹ tíṣà kan. Ọmọ 45 la máa fi ṣe ìṣirò wa, torí èyí ló sún mọ́ ohun tí ojú ń rí.

Gbólóhùn márùn-ún

Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i láàárín lóròó. Ní apá òsì, ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Mo gbà pé ọmọ…" Ní apá ọ̀tún, ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí àlejò tó bá jókòó sẹ́yìn kíláàsì yín fún wákàtí kan máa fojú rí. Kì í ṣe ohun tí ẹ máa sọ fún un o.

"Mo gbà pé kò sí ọmọ tí kò lè kàwé." Kí ni àlejò máa rí? Ó lè rí i pé ọmọ tí kò tíì mọ lẹ́tà ń jókòó ti tíṣà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Bí apá ọ̀tún bá ṣófo, ọ̀rọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lásán ni gbólóhùn náà. "Mo gbà pé ọmọ ni olórí ọ̀la" jẹ́ irú bẹ́ẹ̀: kò sọ ohun tí ẹ máa ṣe ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rí ọdún tó kọjá. Ẹ̀rí méjì ló tó. Àkọ́kọ́ ni àbájáde ìdánwò: ẹ fa orúkọ àwọn mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ní sáà kìíní yọ, kí ẹ wo mélòó nínú wọn ló ṣì gbẹ̀yìn ní sáà kẹta. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, a jẹ́ pé ṣíṣà ni kíláàsì náà ń ṣa ọmọ, kò tíì máa kọ́ wọn. Ìkejì ni ìwé iṣẹ́ ọmọ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn àti ti mẹ́ta tó ṣíwájú. Ẹ ka iye ojú ìwé tí tíṣà kọ ọ̀rọ̀ kan sí, yàtọ̀ sí àmì X ńlá. Ó máa ń pọ̀ nínú ìwé àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Níbi tí gbólóhùn yín àti ìwé iṣẹ́ bá ti ta ko ara wọn, ìwé iṣẹ́ ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ tún ìwé yìí yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ẹ sì pa gbólóhùn tí kò bí nǹkan kan rẹ́.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ó yẹ kí ọ̀kan nínú márùn-ún náà dá lórí èdè, torí ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ tí a kò yẹ̀ wò pọ̀ sí jù. Ilé-ìwé tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ "fànákúlà", ìyẹn èdè abínibí rẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ẹni tó gbé òfin náà kalẹ̀ gbà pé Yorùbá ló ń dènà Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti dán an wò rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tíṣà tó dáńtọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n díwọ̀n wọn, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Ẹ lè má lágbára láti yí òfin ilé-ìwé padà. Èyí tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tuntun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún péré tí iṣẹ́ náà nílò jáde, kí ẹ kọ wọ́n sí páálí, kí ẹ fi í kọ́ ara ògiri fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni kí tíṣà máa sọ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kó tún un sọ ní Yorùbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, títí iṣẹ́ fi parí. Ọmọ kì í pẹ́ mọ̀ pé Yorùbá ń bọ̀. Kò ní fetí sí Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ẹ ya àkókò méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ tún fojú sí Yorùbá fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ń sọ ẹ̀ka èdè Oǹdó nílé lè máa pe ohùn "gh" níbi tí Yorùbá ìwé ti ń kọ "w". Kì í ṣe àìmọ̀wé, ohùn ilé rẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ fi ti ìwé hàn án, kí ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn ọmọ Ìgbìrà, Ígbò àti Àgátú tí òbí wọn ń ṣòwò tàbí ń dáko níbí wà pẹ̀lú: ẹ fi ọmọ tó gbọ́ èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ wọn láti ọjọ́ kìíní.

Rẹ́jísítà

Ẹ má ṣe da orúkọ kọ láti inú rẹ́jísítà àtijọ́. Ẹ bi ọmọ, ẹ bi ẹni tó mú un wá, kí ẹ kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì orí àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì, kì í ṣe ọ̀kan, torí ọ̀kan á kú tàbí á yí padà kí sáà kejì tó dé. Ẹ kọ ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ gan-an, torí "bàbá" tó wà nínú fọ́ọ̀mù lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá.

Àìwásílé-ìwé ní ìdí, ìdí náà sì ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà ìgbèríko wa jẹ́ ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí. Bí ó bá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Tíṣà tí kò mọ èyí á rí ọmọ kan tó ń pa ilé-ìwé jẹ kiri láìní ètò, á sì pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ kọ ọjọ́ ọjà tó wà nítòsí yín sí etí rẹ́jísítà fún gbogbo sáà. Ọmọ tó bá ń bá ìyá rẹ̀ lọ á hàn kedere. Ẹ má fi ìdánwò kékeré tàbí iṣẹ́ tuntun sí àwọn ọjọ́ náà bí ọmọ bíi mẹ́fà bá ń lọ.

Kòkó ni èkejì. Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí ọdún fi ń parí ni wọ́n ń ká a, tí wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń sá a. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń dáko ní ìhà Ìdànrè lè wọlé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹ múra sílẹ̀ dè é: ẹ kó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sínú fáìlì kan, kí ọmọ kan wà tí yóò mú un la inú rẹ̀ kọjá.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n dé

Níbí ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá gbà pé ọmọ lè kọ́, ẹ ní láti mọ ibi tó dúró sí kí ẹ tó mú un kúrò níbẹ̀. Ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọmọ 45 jẹ́ ìṣẹ́jú 135. Bí ẹ bá mú mẹ́sàn-án lóòjọ́, ìṣẹ́jú 27 ni, ọjọ́ márùn-ún á sì gbé gbogbo wọn. Àwọn yòókù á máa ya àwòrán ilé wọn tàbí kí wọ́n máa da ọ̀rọ̀ kọ.

Ẹ ṣe káàdì mẹ́ta.

Káàdì 1 ní lẹ́tà mẹ́wàá: a, d, ẹ, gb, i, k, ọ, p, ṣ, y. Ẹ má to wọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn nínú álífábẹ́ẹ̀tì, torí orin ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi mọ̀ ọ́n.

Káàdì 2 ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá: ilé, ajá, ẹja, iṣu, ọmọ, ọ̀bẹ, àga, igbá, ẹyẹ, ọkọ̀.

Káàdì 3 ni ìtàn kékeré tí kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ti kà. Ọ̀rọ̀ 37 ló wà nínú èyí, ẹ lè lò ó: "Àdùkẹ́ gbé agbọ̀n iṣu lọ sí ọjà. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó sá sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù fún un ní àga. Nígbà tí òjò dá, Àdùkẹ́ fi iṣu kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà." Ìbéèrè méjì: Kí ló mú Àdùkẹ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù? Kí ló dé tó fi fún ìyá náà ní iṣu?

Ọmọ tó bá ṣi lẹ́tà tó ju mẹ́rin lọ, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má fi káàdì kejì dá a lóró. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló máa jáde: àwọn tí lẹ́tà ṣì ń dà láàmú, àwọn tó dúró síbi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kà á já láìyé wọn, àti àwọn tó kà á tó sì yé wọn. Ìwé kíkà ti Gẹ̀ẹ́sì ní ìtàn tirẹ̀, ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kejì lọ́nà kan náà.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ pọ̀. Tíṣà tó bá fi ojú ìwé kìíní nínú ìwé kíkà dán ọmọ wò á rí ọmọ tó ń ka ohun tó ti há sórí. Ẹ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà ìkẹyìn, ẹ ó sì mọ̀. Àwọn tó ń dúró de àkókò tiwọn ń gbọ́, nítorí náà ìtàn méjì ló yẹ kẹ́ ẹ ní, kí tábìlì yín sì jìnnà sí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́. Ọmọ tó dákẹ́ pátápátá kò gba òdo: ẹ dá a padà, kí ẹ pè é lọ́la pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí ẹgbẹ́ mẹ́rin náà di orúkọ ìdílé. Ẹ máa tún un pín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ má sì pè wọ́n ní "ẹgbẹ́ kìíní" àti "ẹgbẹ́ ìkẹyìn." Àwọn ọmọ kì í ṣòmùgọ̀, wọ́n mọ èyí tí ẹ kà sí olódo.

Ti ìṣirò jẹ́ kíkọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì tó. Níbí ni ìgbàgbọ́ nípa àṣìṣe ti ń fara hàn. Ẹ wo ìdáhùn mẹ́ta yìí kí ẹ tó fa X:

62 − 27 = 45. Ọmọ náà yọ 2 kúrò nínú 7 torí pé 7 ló tóbi jù. Ó mọ ìyọkúrò, kò mọ yíyá.

Ọ̀ọ́dúnrún lé márùn-ún, ó kọ 3005. Ohun tó gbọ́ ló kọ: 300, lẹ́yìn náà 5. Kò tíì mọ iyì ipò nọ́ńbà.

8 + 5 = 12. Orí 8 fúnra rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ kíkà: 8, 9, 10, 11, 12. Bí gbogbo ìdáhùn rẹ̀ bá ń fi ẹyọ kan dín, ohun tó fà á nìyẹn.

Àṣìṣe mẹ́ta, ìdí mẹ́ta, oògùn mẹ́ta. Tíṣà tó gbà pé "kò ka ìwé rẹ̀ ni" á fún gbogbo wọn ní iṣẹ́ àtúnṣe kan náà, wọ́n á sì tún un ṣì bákan náà.

Igi ìgbálẹ̀

Èyí ni ohun èlò tó wúlò jù fún àṣìṣe méjì àkọ́kọ́, kò sì wọ́n. Ẹ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án, ọmọ márùn-ún-márùn-ún. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò ìdì mẹ́sàn-án tí igi mẹ́wàá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹyọ igi mẹ́sàn-án lọ́tọ̀: igi 99. Lápapọ̀ ó jẹ́ igi 891 àti rọ́bà ìdì 81. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ìgbálẹ̀ sí ìwọ̀n ìka ọwọ́ méjì tó so pọ̀ lóròó, ẹ má fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ: etí tó ṣẹ́ máa ń gún ọmọ, ó sì lè dé ojú. Láti ṣe 62 − 27, ọmọ kó ìdì mẹ́fà àti ẹyọ méjì; kò lè mú méje nínú méjì; ó tú ìdì kan, ó di ẹyọ 12. Ìgbà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tú u ni yíyá á yé e. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà dára fún kíkà, òde àríyá Sátidé kan ní Àkúrẹ́ sì tó láti kó wọn jọ. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ lu etí wọn kó má bu ọmọ lọ́wọ́.

Kíka ọ̀sẹ̀

Sáà kìíní tó bá ní ọ̀sẹ̀ 13 kò ní ọ̀sẹ̀ 13 fún ìkọ́ni. Ẹ yọ ọ̀kan ti ìwádìí, ọ̀kan ti ìsinmi àárín sáà àti ohun tó yí i ká, méjì ti àtúnyẹ̀wò àti ìdánwò. Mẹ́sàn-án ló kù, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá sì wà nínú rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n fún yín lè ní àkòrí mọ́kànlá. Ẹ má pín in dọ́gba-dọ́gba. Ẹ wá àkòrí tí àwọn mìíràn gbára lé (iyì ipò nọ́ńbà, ìyọkúrò oníyíyá, ìlọ́po), kí ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ so àwọn tó jọra pọ̀. Ẹ fi ètò náà han ọ̀gá ilé-ìwé kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá bá bá a pàdé nígbà àbẹ̀wò nìkan, á dà bí ẹni pé ẹ rẹ̀yìn.

Ìwé tí ẹ máa máàkì

Iṣẹ́ mẹ́ta lóòjọ́ fún ọmọ 45 jẹ́ ìwé 135. Ìṣẹ́jú kan-kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 ti lọ. Kò sí tíṣà tó lè ṣe é títí dé oṣù kejìlá. Ibẹ̀ ni àmì X ńlá ti ń wá. Ẹ ka ìwé ọmọ mẹ́sàn-án dáadáa lóòjọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ gbólóhùn kan tó sọ ohun tó kàn kí ọmọ ṣe. Ti àwọn yòókù, kí wọ́n pààrọ̀ ìwé, kí ẹ jọ máàkì rẹ̀ lójú pátákó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ọmọ á ti gba ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Bẹ́ǹṣì, ojú, òjò

Ẹ yí bẹ́ǹṣì po ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kẹ́ ẹ tó yí i, ẹ kọ lẹ́tà mẹ́rin sí pátákó ní ìwọ̀n tí ẹ ń kọ̀wé lójoojúmọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì, kó fi ọwọ́ bo ojú kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ẹni tí kò bá rí i kò sí nínú yíyípo: iwájú ni ibùjókòó rẹ̀, kí òbí rẹ̀ sì gbọ́ kó lè mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Oṣù kẹsàn-án jẹ́ oṣù òjò, páànù sì ni òrùlé wa. Bí òjò bá ń rọ̀, ohùn yín kò ní dé bẹ́ǹṣì kẹta. Kíké mọ́ ọn ń ba ọ̀fun jẹ́ lásán. Ẹ ṣe iṣẹ́ òjò mẹ́wàá sílẹ̀ sórí páálí: ìṣirò, àwòrán tí wọ́n máa kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀, ìtàn tí wọ́n máa fi ojú kà. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọ̀kan kọ́, kí ẹ máa rìn láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì.

Pàṣán àti àpẹ́dé

Ẹ pinnu ohun tí ẹ máa ṣe kí ọmọ tó ṣẹ̀, torí ìpinnu tí a fi ìbínú ṣe kì í bá gbólóhùn márùn-ún yẹn mu. Ẹni tó pẹ́ dé torí ó kọ́kọ́ pọnmi tàbí kiri àkàrà fún ìyá rẹ̀ kò ní tètè dé torí ẹgba. Yóò dúró sílé ni. Ẹ fi iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ sọ nù sí ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn ìwọlé, kí àpẹ́dé jókòó síbi ẹnu ọ̀nà láìdá iṣẹ́ dúró, kí ẹ sì pe òbí bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìpàdé òbí kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí aago mẹ́wàá àárọ̀: àwọn tó ń tajà ní Ọjà Ọba kò ní ti ìsọ̀ wọn torí rẹ̀. Ẹ gbé e sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí àbájáde káàdì ti wà lọ́wọ́. Kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ sọ fún òbí kọ̀ọ̀kan ohun tí ọmọ rẹ̀ lè ṣe, ohun kan tó kàn, àti ohun tí òbí lè ṣe nílé bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀wé: kí ó ní kí ọmọ ka ojú ìwé kan sí òun létí lálẹ́, kó sì bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"